Mo Yọ́ Lọ sí Jámánì Mọ́ Màmá Délé Lójú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti Sátidé tó kọjá, tí mi ò bá sọ ọ́, mi ò ní lè sùn dáadáa. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí n ó fi parí o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Glyndon Estate ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, lèmi àti mọ́mì mi ń gbé, èdè Jámánì ni mo sì ń kọ́ ní yunifásítì. (Ẹ má bi mí pé kí lọmọ Yorùbá ń fi èdè Jámánì ṣe. Mọ́mì mi ti bi mí tó!)

Tó bá ti di Sátidé, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead, lọ́dọ̀ Màmá Délé. Ìyá àgbà ni. Uncle Délé ọmọ wọn ló mú wọn wá láti Ìbàdàn kí wọ́n lè máa bá a tọ́jú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ti wá dàgbà, wọ́n ti ń lọ síléèwé, kálukú á ti jáde lọ síbi iṣẹ́, á wá ku màmá nìkan sílé. Wọn ò gbọ́ òyìnbó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Wọ́n kàn wo orí mi, wọ́n ní ta ló fi irun ọmọ yìí wọ́lẹ̀ báyìí? Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá mi dirun.

Bí wọ́n ṣe ń di í ni mo máa ń ka ìwé mi sókè, àwọn náà á sì máa pè é tẹ̀ lé mi. Bí mo bá ṣe ń wọlé báyìí, "Gútìn Mọ́gìn" ni màmá fi ń kí mi, ìyẹn ẹ káàárọ̀ lédè Jámánì. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Gútìn Mọ́gìn náà ni!

Nígbà tí mo wá ń wá àyè láti lọ lo sáà kan ní yunifásítì ńlá kan ní Jámánì, àwọn ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Wọ́n gbé ọwọ́ lé irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán, wọ́n ní, "Orí yìí á gbé ẹ débẹ̀." Lẹ́yìn náà, kò sí Sátidé tí wọn ò bi mí bóyá wọ́n ti dáhùn.

Wọ́n dáhùn. Wọ́n mú mi!

Mo pariwo ní kíṣìnnì, mọ́mì mi sáré fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ òfin ilé wa: a kì í sọ̀rọ̀ ìrìn àjò títí bàálù á fi balẹ̀. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnì kankan. Mo ní, Màmá Délé ńkọ́?

"Ṣé Màmá Délé kì í ṣe èèyàn ni? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Tó o bá débẹ̀, tó o forúkọ sílẹ̀ tán, o lè wá sọ."

Mo jiyàn díẹ̀, àmọ́ kí n má purọ́, ẹ̀rù ba èmi náà. Ìtàn àwọn tí wọ́n dá padà láti èápọ́ọ̀tù pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa jàre.

Sátidé tó gbẹ̀yìn, màmá dirun fún mi, wọ́n sì tún béèrè. Mo ní wọn ò tíì dáhùn, mà. Wọ́n ní kí n má mikàn, wọ́n tún gbàdúrà lé mi lórí, èmi náà sì ń ṣe àmín kíkankíkan! Irú èèyàn wo nìyẹn? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ó di Sátidé o." Kí Sátidé náà tó pé, mo ti wà ní Jámánì.

Yunifásítì ọ̀hún fẹ̀ débi pé mo ṣìnà nínú ẹ̀ bí ẹni ṣìnà nígbó. Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n kí àwa àlejò káàbọ̀. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹnì kankan ò pàtẹ́wọ́. Ńṣe ni gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkèé ìka ọwọ́ gbá tábìlì, gbà gbà gbà! Mo rò pé ìjà ti dé. Àṣé bí wọ́n ṣe ń yẹ́ni sí nìyẹn.

Àárín ariwo yẹn ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Màmá Délé ni. Ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo rántí pé mi ò tíì forúkọ sílẹ̀. Mo da fóònù dojú bolẹ̀, mo bá wọn ń gbá tábìlì lọ.

Nírọ̀lẹ́, mọ́mì mi pè mí, ohùn wọn ò dùn rárá. Màmá Délé ti rò pé ara mi ò yá. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹja aláta, wọ́n rọ ọ́ sínú fíláàsì, wọ́n dá wọ bọ́ọ̀sì fúngbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò yẹ, wọ́n rìn títí dé Plumstead Common, pápá ńlá kan, nínú òjò. Òyìnbó kan ń kọjá, wọ́n fẹ́ béèrè ọ̀nà, ohun tó bọ́ sí wọn lẹ́nu ni "Gútìn Mọ́gìn". Èdè òyìnbó tí mo kọ́ wọn nìyẹn! Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin Yorùbá kan tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó rí gèlè wọn. Òun ló mú wọn délé wa. Mọ́mì mi ò lè purọ́ mọ́, wọ́n jẹ́wọ́ pé mo ti wà ní Jámánì. Wọ́n ní màmá ò bínú. Wọ́n kàn béèrè pé, "Ṣé ó débẹ̀ láyọ̀?" Màmá wá gbé fíláàsì fún mọ́mì mi.

Ojú tì mí! Lọ́jọ́ kejì, mo pe màmá, mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń wúkọ́, ikọ́ yẹn ò sì tètè lọ. Wọ́n ní kò burú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń pè wọ́n, wọ́n á ṣàdúrà fún mi, mo bá gbà pé ó ti tán. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n padà, wọ́n ní kí n wá jẹ́ kí àwọn dirun fún mi. Wọ́n ní, "Ó di Sátidé o."

Sátidé tó kọjá, mo tú irun mi, mo gbé bàtà onírun tí mo rà fún wọn, ó di Thamesmead. Auntie Tọ́pẹ́, ìyàwó Uncle Délé, ló ṣílẹ̀kùn.

"Dámi! Ṣé you didn't know ni? Mummy ti lọ sí Ìbàdàn since Thursday o! Wọn ò padà wá mọ́. Uncle ẹ ló ní ká má sọ fún anybody till they land."

Auntie bá mi fi fídíò pè wọ́n. Ọ̀sán gangan, màmá gbé e: "Gútìn Mọ́gìn!" Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

"Mo fẹ́ sọ, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n dákẹ́ ni. Ìwọ náà ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí."

Kò sí ìbínú lóhùn wọn. Ì bá sàn kó wà níbẹ̀! Wọ́n ní kí n tẹ orí ba kí àwọn wò ó. Wọ́n wò ó títí. "Ta ló máa wá bá ọ di í báyìí?"

Ẹ̀yin ará, ẹ pa ẹnu mọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, mi ò bá òfin àwọn ìyá wa jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yín bẹ Ọlọ́run, ó yẹ kó bá yín dúpẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ yọ́ lọ mọ́ lójú? Ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́, ṣé ó sì gbà? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ yìí, mo fẹ́ mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Èmi ṣì wé gèlè ni o. Mi ò tíì rí ẹni tí màá gbé orí fún.