Ẹni Tí Wọ́n Yàn Ṣe Ẹrú

Òórùn láfún tí a fi omi gbígbóná pò ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Òun la fi ń lẹ páálí tí a fi ṣe adé, nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ìrókò, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ tí ìgbéraga olùkọ́ tuntun ń gùn mí. Mo ti fọ́nnu pé n kò ní dúró nídìí pátákó kí n máa fẹnu kọ́ ọmọ léré orí ìtàgé, ọwọ́ wọn ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Eré àtijọ́ kan ni mo mú, ti ọba tó ta ẹrú tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Àwọn ọmọ gé páálí, wọ́n fi hóró àgbàdo ṣe ìlẹ̀kẹ̀ adé, wọ́n sì fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ lọ́ okùn tí a ó fi de ẹrú náà.

Nígbà tó kan ẹni tí yóò ṣe kí ni, mo ní kí àwọn ọmọ yàn fúnra wọn, mo sì ń bi ẹni tí wọ́n bá yàn bóyá ó wù ú. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn lójú mi. Wọ́n jà sí ipò ọba títí adé fi fẹ́ẹ̀ ya. Nígbà tó kan ẹrú, kò sí ìjà kankan. Gbogbo ìka nà sí ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, ọmọ tó mọ̀wé jù nínú wọn. Mo pàtẹ́wọ́, mo rò pé wọ́n mọ ẹni tó lè ṣeré ni. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọmọ náà sorí kọ́, mo ní ojú ló ń tì í. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ọmọ bíbí ìlú náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ eré, àwọn òbí kún abẹ́ igi máńgòrò. Bí wọ́n ti fa ọmọ náà jáde pẹ̀lú okùn lọ́rùn ọwọ́, ẹ̀rín bú láàárín èrò, kì í sì í ṣe ẹ̀rín eré. Ẹnì kan ní, "Wọ́n kúkú mọ ilé tí wọ́n ti mú un." Ìyá àgbà ọmọ náà dìde, wọ́n rìn wọ àárín eré, wọ́n ń fi sùúrù tú okùn. Wọ́n ní, "Ìbí kò ju ìbí. Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ." Wọ́n fa ọmọ-ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé mi pé ẹrú tí wọ́n rà wá láyé ogun ni baba ńlá ìdílé ọmọ náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀, wọn kì í kàn sọ ọ́ lójú ìdílé náà ni. "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni," ni ọkùnrin náà wí. Irọ́ ló pa. Inú mi ò tíì yọ́ sí i dòní, kò sì yọ́ sí èmi alára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bẹ ìyá àgbà. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n ní ọmọ ò ní padà. Kò padà sílé-ìwé kankan.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan l'Ájíbọ́dẹ. Ó ti wọn èjìká mi tán kí ó tó sọ̀rọ̀, kí n tó mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n fi ṣe ẹrú ni. Ó ní, "Àǹtí, mo ti há gbogbo ọ̀rọ̀ ọba sórí nígbà yẹn. Mo ń retí kí ẹ bi mí ni."

Nínú gbogbo ọmọ kíláàsì yẹn, òun nìkan ni n kò bi léèrè ohun tó fẹ́.