Ayùn Tó Ń Mi Ọ̀dà Ọmọláńgidi

Ayùn oníná tó bá ń gé pákó, ariwo rẹ̀ a máa dùn létí ẹni tó ń tibẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ayùn tó ń ké lásán, tí kò gé nǹkan kan, ariwo rẹ̀ burú létí. Ariwo yẹn ni mo fi ń rántí ọdún tí mo fi irinṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ọmọ ta ọ̀gá sójà kan lọ́rẹ, kó lè máa fi mi ọ̀dà tó fi ń kun ọmọláńgidi. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọmọláńgidi ni mo wí.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí náírà wó, tí àwọn sójà wà lórí àlééfà, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn eruku nù lẹ́sẹ̀. Fítà ni mí ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan. Ẹ̀rọ tí mò ń tọ́jú níbẹ̀, àgbá ọ̀dà tó ga ju ènìyàn lọ ló ń pò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú irinṣẹ́ àlòkù kan lọ sílé. Mo mú ayùn oníná, irú èyí tí abẹ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Òun ni mo fi ń ṣe àpótí ìjókòó àti tábìlì ọmọ iléèwé lẹ́yìnkùlé wa l'Ágége. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá. Èmi ni mo rò pé iṣẹ́ náà kò yẹ mí. Odidi fítà, tó ń kan àpótí ìjókòó! Bí mo ṣe máa padà sídìí ẹ̀rọ mi ni mò ń rò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọ̀gá sójà tí mò ń sọ yìí ti fẹ̀yìn tì. Ó kọ́lé sí ẹ̀yìn Ọ̀pẹ̀bí, wọ́n sì ti fi í kún àwọn tó ń darí ilé iṣẹ́ ọ̀dà wa láti òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀dà yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣe òrí. Mo gbé tábìlì kan lọ fún un lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wá wo nǹkan nínú yàrá. Mo rò pé ìbọn ni. Àwọn sójà kéékèèké ni, tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ó tò wọ́n sínú àpótí onígíláàsì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kùn wọ́n, bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, irunmú lọ́kọ̀ọ̀kan. Aráàlú kò rí gáàrì mu, baba onírùngbọ̀n funfun jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń kun imú ọmọláńgidi. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ kò mú ló ráyè làpálàpá.

Ọ̀dà rẹ̀ wà nínú ìgò tí kò ju ìgò oògùn ojú lọ. Òkè òkun ló ti ń rà wọ́n. Nígbà tí náírà wó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún èyí tó kù lò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn sì ti le sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ó ní ọwọ́ máa ń ro òun bí òun bá ń mì wọ́n. Ọwọ́ tó fi na ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní kóbókò!

“Injiníà, o ò lè bá mi wá nǹkan ṣe sí i?”

Ó bi mí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín.

“Ilé iṣẹ́ yẹn? Mánéjà wọn, ọmọ mi ni. Ṣe èyí ná, we shall see.”

Gbogbo ìlérí tó ṣe nìyẹn. Bí ẹ tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ẹ ò ní rí ibi tó ti ní òun á dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi rí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ebi ipò gan-an sì burú ju ti oúnjẹ lọ.

Mo ní ayùn oníná tí abẹ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lè máa bá a mi ìgò, ló bá fẹ́ ra tuntun fún iṣẹ́ náà. Èmi òmùgọ̀ ni mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu sà, mo ní ọ̀kan nílé.” Mo fẹ́ kó jẹ mí lóore. Mo yọ abẹ ayùn náà, wẹ́dà jó agolo mílíìkì mọ́ ibi tí abẹ wà, mo fi rọ́bà túùbù táyà tẹ́ inú rẹ̀. Mo ju bọ́ọ̀lù irin kékeré kan sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kó lè máa ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sókè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, ìgò fò jáde, ó fọ́ mọ́ ògiri, ọ̀dà pupa ta sí mi láyà. Ìyàwó mi wo àyà mi, ó wo ayùn.

“Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ máa fi gé pákó lọ́la?”

“Pákó kẹ̀? Iṣẹ́ pákó ti tán, ìyá àwọn ọmọ.”

Mo fi rọ́bà de ìgò náà mọ́lẹ̀, mo tún un tàn. Ká má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Kí ènìyàn tó ka ogún, ọ̀dà tó ti le bí ẹ̀kọ ìjẹta ti ń ṣàn. Ọ̀gá sójà pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Lọ́sẹ̀ kejì ó pè mí, ó fún mi ní ìwé kan tó lẹ̀ pinpin, ó ní mánéjà ni kí n fi lé lọ́wọ́, kí n má fún ẹlòmíràn. Ẹni tó gbáyé nígbà yẹn mọ ohun tí ìwé ọ̀gá sójà jẹ́: ilẹ̀kùn tí àdúrà kò ṣí, ó ń ṣí i. Mo fi ọ̀rá wé e, mo tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì di ọjọ́ Ajé. Ìyàwó mi ní ká fi ooru omi gbígbóná ṣí i wò. Mo bú u. Mo ní ìwé ẹni ńlá kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí à ń ṣí wò. Bàbá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo rán ìyàwó mi létí ọ̀rọ̀ náà, mo wá fi kún un pé tèmi yìí kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹrú.

Lọ́jọ́ Ajé mo wọ kóòtù ìgbéyàwó mi. Mánéjà ya ìwé náà, ó sì kà á sókè kí sítọ́kípà tó dúró tì í lè gbọ́: kí wọ́n fún ọmọ ọ̀dọ̀ òun tó mú ìwé wá ní ọ̀dà funfun, agolo kékeré mẹ́fà, kó sì rọra gbé e kó má dà á nù lọ́nà. Ó tán. Mo ní kó jọ̀ọ́ yí ìwé náà padà, bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí i padà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Sítọ́kípà, tí a jọ ń jẹun ọ̀sán fún ọdún mọ́kànlá, ń wo ilẹ̀. Ó kó agolo mẹ́fà fún mi, mo buwọ́ lùwé. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ mi lẹ́yìn ògiri bó ṣe ń po ọ̀dà. Bẹ́árìn rẹ̀ kan ti ń ké, ẹni tí wọ́n fi sídìí rẹ̀ kò sì mọ̀.

Mo lè da ọ̀dà yẹn sí gọ́tà. Mo lè gbé e délé ọ̀gá sójà, kí n sì ní kó fún mi ní ayùn mi. Mo ro méjèèjì títí mo fi dé ẹnu géètì, tí mo sì gbọ́ ayùn mi nínú ilé, tó ń ké lásán.

“Wọn ò dà ẹ́ láàmú?” ni ọ̀gá sójà bi mí bí mo ṣe gbé ọ̀dà fún un.

“Rárá sà. Ẹ ṣeun, sà.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣa ọmọláńgidi kan tí ojú rẹ̀ wọ́ díẹ̀ fún mi, ó ní kí ọmọ mi fi ṣeré. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi kò bèèrè ìwé. Ojú mi ti sọ fún un. Ó na ìka sí ọmọláńgidi tí mo gbé sórí tábìlì.

“Ṣé òun la ó máa fi gé pákó báyìí?”

Ọ̀gá sójà ti kú. Wọ́n ní àwọn ọmọ rẹ̀ kó àpótí onígíláàsì náà sóde fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Ọmọláńgidi tèmi ṣì wà lójú fèrèsé, ọ̀dà rẹ̀ kò sì ṣí títí dòní, nítorí mo mì ín kúnná. Bí mo bá wò ó, mo máa ń fi baba náà ṣe yẹ̀yẹ́, ara a sì tù mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò parọ́ kankan fún mi. Iṣẹ́ ẹrú ló rán mi. Èmi ni mo fi tẹrú jẹ́ ẹ, mo tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó jáde.