Igi Badarawa Sọ Mí Di Àbúrò Làmídì

Igi kan sọ mí di àbúrò Làmídì olóbì láàárọ̀ yìí.

Ọ̀rẹ́ mi ni Làmídì. Ìlọrin ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì. Ọdún tí ọ̀dá pa oko ni wọ́n bí mi, ọdún tí òjò wó ilé ni wọ́n bí i. Èwo ló ṣáájú? Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń jà sí i. Bẹ́ẹ̀, àgbà nínú wa ni ẹgbẹ́ ará Ìlọrin ní Kàdúná níbí fẹ́ fi jẹ olórí lọ́la.

Òyìnbó tí mò ń bá ṣiṣẹ́ igbó sọ fún mi pé ọdọọdún ni igi ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀ lábẹ́ èèpo, tí ti àtijọ́ á wà nínú. Lọ́dún òjò, òrùka á fẹ̀. Lọ́dún ọ̀dá, á tín-ín-rín. Wọ́n gé igi ńlá kan ní Badarawa, mo bá tọrọ pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, mo gbé e wálé.

A jọ wò ó. Èyí tó fẹ̀ jù wà nínú lọ́hùn-ún. Èyí tó tín-ín-rín jù sún mọ́ èèpo. Òjò rẹ̀ ṣáájú ọ̀dá mi.

"To, ó dáa," ni Làmídì wí. "Àbúrò, dìde lórí àga yẹn."

Mo dìde, òun ló jókòó.

Ìyàwó mi yọjú láti ìdí ààrò. "Bàbá Rábíù, níbo ni igi yìí ti hù?"

"Badarawa níbí ni."

"Ṣé òjò Kàdúná ló lọ wó ilé n'Ílọrin ni?"

Haba! Làmídì wo igi, ó wò mí, ó wá fẹ̀yìn ti àga mi dáadáa.

"Igi ti sọ̀rọ̀ tán."

Orí ìdúró ni mo ṣì wà o. Èmi náà ni mo sì fọwọ́ ara mi gbé igi wálé. Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ó kí i ní "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n" lọ́la, àbí ẹ ó fi igi yìí dáná?