Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kí A Fi Sílẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ìjà gba gbogbo Warri, oko ẹ̀gẹ́ ìyá bàbá mi lápá Ijala ló ń bọ́ wa. Ìjẹ̀bú paraku ni ìyá àgbà. Bí gàrí bá tán nílé, oúnjẹ tán nìyẹn. Obìnrin kan, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ló fún un ní ilẹ̀ náà dá oko.

Nígbà tí wọ́n dí títì pa, àwọn ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú oko wa kọjá. Wọ́n tẹ ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀, ipa táyà jìn débi pé ó mù mí dé orókún, omi òjò dúró síbẹ̀ kò rí ibi wọlẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dáwọ́ dúró, ìyá àgbà tún gbin ẹ̀gẹ́ sójú ipa náà. Ewé rẹ̀ pọ́n, ó kú. Bí a bá gbé ọkọ́ lé ilẹ̀, kàn-ìn kàn-ìn ló ń dún.

Obìnrin náà wá wò ó. Ìyá àgbà ò gbọ́ Pijin, èmi ni ògbufọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ọmọ, Yorùbá tèmi nígbà náà, ẹ̀rín ni! Obìnrin náà ní, "Tell mama make una leave dat ground." Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ká fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀."

Ẹ̀rù ba ìyá àgbà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lé èèyàn nígbà yẹn. Ó ní, "Wọ́n ti lé wa nìyẹn." Ó di ẹrù rẹ̀ àti tèmi, ó ní ó di Ìjẹ̀bú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ni obìnrin náà wọlé, igi ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀. Ó rí ẹrù wa, ó figbe ta: "Who drive una? I say make una leave am make e rest! Ground don tire!"

Mo bú sẹ́kún. "Màmá, ilẹ̀ ló rẹ̀, wọ́n ní ká jẹ́ kó sinmi ni, wọn ò lé wa." Ìyá àgbà kọ́kọ́ fọ́ mi létí kó tó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lè bí lọ́mọ.

Obìnrin náà fún wa ní ẹ̀gbẹ́ kan lára oko tirẹ̀. A fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ojú ipa táyà, a jẹ́ kí koríko hù sí i fún òjò ọdún méjì kí ilẹ̀ náà tó tún gba ẹ̀gẹ́.

Lónìí, ilé ti kún ibẹ̀, fóònù sì ti ń ṣe ògbufọ̀ fún yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn títí dòní. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá tún un jẹ́, kí mọ́tò tó gbé wa lọ.