Wàrà Kan Tó Ṣẹ́kù

Mo rántí bí láílọ́ọ̀nù wàrà dídín ṣe gbóná lórí itan ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a kó àwọn ọmọ lọ gun òkè Sóbi. Ọ̀mù-Àrán ni ìyá mi ti wá kí wa ní Ṣàngó, ládùúgbò wa ní Ìlọrin, wọ́n sì bá ilé ní kíkún: ọmọ tèmi mẹ́ta, ti àbúrò mi ọkùnrin mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé mo kà á. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ìyàwó àbúrò mi pàdánù ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Kò jẹun dáadáa, kò sì rí oorun sùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó àwọn tó kù wá fún wa nígbà ọlidé, kí ìyá wọn lè ráyè sinmi. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ni mo fi wọ́n sí o." Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi tíṣà, tí mò ń kó odindi kíláàsì jáde, ni ọmọ mélòó kan máa dà láàmú?

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ òkè nínú bọ́ọ̀sì kékeré tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo to àwọn ọmọ sórí ìlà bí ẹni wà ní iléèwé, mo na ìka sí wọn: "Ení, èjì, ẹ̀ta…" N kò dé ẹ̀rin. Ìyá mi pàtẹ́wọ́ gbà! "Háà, Tíṣà! Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ikú ò tíì gbàgbé ojúlé àbúrò rẹ, o tún ń ka àwọn tó kù sí i létí?" Ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n dákẹ́. Mo ká ìka mi kò. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ò lé ẹ̀rù kúrò lára mi.

Ìyá mi ní àwọn ò gun òkè kankan. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi màngòrò nísàlẹ̀, pẹ̀lú bàtà tuntun tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n taku pé dandan ni káwọn wọ̀ jáde. Àwa tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìyàwó mi pọn àbíkẹ́yìn wa, èmi sì ń ké mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sáré, torí gbogbo òkúta tí mo rí ló dà bíi pé ó máa yẹ̀. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú àwọn ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni mo di lọ́wọ́ mú jù. Òun ni wọ́n bí ṣáájú ọmọ tó kú. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni; bí o bá ní kó dúró, á dúró, kò ní bi ọ́ nídìí. Nígbà tí a dókè, gbogbo Ìlọrin tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, àwọn ọmọ ń pariwo pé àwọn rí ilé wa. Èmi ò rí nǹkan kan. Orí wọn ni mò ń wò láìkà. Ẹ dán an wò, kí ẹ máa wo orí ọmọ mẹ́fà láìjẹ́ kí ọkàn yín sọ iye wọn. Iṣẹ́ ńlá ni!

Kò pẹ́ tí òjò fi ṣú. A sọ̀ kalẹ̀ wéréwéré, gbogbo wa dé ìdí màngòrò láìsí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Mo mí kanlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti wọlé. Mo lọ yí bọ́ọ̀sì padà, ni òjò bá já lulẹ̀ wàà, ni oníkálukú bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyàwó mi gbé ọmọ wọ iwájú, àwọn ọmọ rọ́ sẹ́yìn, ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé gbẹ̀yìn, omi ń kán lára wọn. Mo kígbe, "Ṣé gbogbo yín ti wọlé?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni!" Ta ni ì bá sọ pé òun ò sí níbẹ̀? Ká ní ọmọ iléèwé ni, màá kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá mi nínú dígí, mo sì wa mọ́tò lọ.

Ó kù díẹ̀ ká dé Ṣàngó nígbà tí ìyá mi tú láílọ́ọ̀nù wàrà. Nígbà tí wọ́n ń rà á láàárọ̀ lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó máa ń kiri ládùúgbò wa, wọn ò dárúkọ iye kankan. Oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè bí wọ́n ṣe ń mú tirẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi.

"Ta ni kò tíì gbà?"

Gbogbo ẹnu ló ń jẹ.

"Wàrà kan kù lọ́wọ́ mi. Ti ta nìyí?"

Mo tẹ bíréèkì. Ìyàwó mi yíjú padà, kò rí ọmọ ọdún mẹ́rin náà, ó figbe ta: "Yéè! Mo rò pé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn ló wà, Mà!" Ìyá mi wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni. "Bàtà mi!" ni wọ́n ń kígbe. Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ọmọ là ń wá, ẹ̀ ń sọ bàtà!" N kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ rí.

"Bàtà ni mo ní kó bá mi ṣọ́! Mo fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́yìn àpáta, mo ní kó jókòó tì í, kó má kúrò, kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́. Òjò dé, mo sáré gba ọ̀hún wọ mọ́tò. Mo gbé o! Mo gbàgbé ọmọ!"

Bí mo ṣe wa mọ́tò padà nínú òjò yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Mànàmáná ń kọ, mo rántí pé abẹ́ igi ni ọmọ wà. Ọ̀kadà kan kọjá, mo rò ó pé gbọ́mọgbọ́mọ ni. Kí ni màá sọ fún àbúrò mi? Kí ni ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀kan lọ́wọ́ máa gbọ́ lẹ́nu mi? Ìyá mi ò sunkún, wọn ò gbàdúrà sókè. Wọ́n kàn di wàrà yẹn mú.

Ibi tí wọ́n fi í sí náà la bá a. Ó ti bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi bo bàtà kí omi má bàa bà á jẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó ní, "Màmá, ewúrẹ́ ò jẹ ẹ́." Ìyá mi kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n fi wàrà sí i lọ́wọ́. Èmi sunkún bí ọmọdé lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí a máa wọ mọ́tò, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ kan orí ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Wọ́n kà á dé ẹ̀fà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.

Mo pe àbúrò mi nírọ̀lẹ́, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní kí n fún ọmọ òun ní fóònù.

Ọmọ náà ti wọ girama báyìí. Ìyá mi ti darúgbó, wọn kì í lè wá sí Ìlọrin mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé a fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde, wọ́n á pè. "Tíṣà, ṣé o kà wọ́n?" Ẹ wá wo ayé: èmi tí mo kàwé ni n kò lè na ìka sí ọmọ mọ́. Wàrà ni mò ń rà, mo sì ń pín in kí n tó wa mọ́tò lọ.

"Mo ti pín wàrà, Màmá."

"Ṣé ó kù?"

Mo máa ń ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi wò kí n tó dáhùn, bí ẹni pé wọ́n ń rí mi.

"Kò kù, Màmá. Ọwọ́ mi ṣófo."