Ojú Ìyàwó Tíṣà Ọlọ́dà Lára Ògiri

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni Tíṣà Ọlọ́dà fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwòrán yíyà. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan tí ọ̀dà kò ta sí. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, kò sì sẹ́ni tó bi í, àfìgbà tí ọ̀gá àgbà tuntun dé tó pè é sí ọ́fíìsì. "Ẹ má bínú, sà," ni obìnrin náà wí, "ẹ lọ gbàwé ẹ̀rí wá. Tí ọdún bá fi yípo tí n kò rí i, ẹlòmíì ni màá gbà."

Bí Tíṣà ṣe di ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tó jókòó sáàárín àwọn tí àkọ́bí rẹ̀ lè rán níṣẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé igò kan sórí àpótí ní iwájú kíláàsì, wọ́n ní kí kálukú yà á. Tíṣà ya tirẹ̀ wàrà, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó wá ń fi ojú àgbà wo àwọn ọmọ tó ṣì ń fi rọ́bà pa tiwọn rẹ́. Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Igò tó dáa lèyí, Bàbá. Àmọ́ kì í ṣe igò tó wà níwájú yín. Èyí tó ti wà lórí yín látọjọ́ pípẹ́ lẹ yà. Ẹ ò wo eléyìí rárá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó kù díẹ̀ kó dìde kó máa lọ ilé, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìtìjú jókòó. Ó kọ́ bí a ṣe ń di ojú kan ká tó fi pẹ́ńsù wọn nǹkan lókèèrè. Ó kọ́ pé etí igò kì í ṣe ìlà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò lè wo ife omi lásán mọ́.

Iṣẹ́ àṣekágbá wọn ni kí kálukú fi èédú ya ẹnì kan tó mọ̀ dáadáa. Tíṣà bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó jókòó fún òun. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni ìyàwó yìí ń bá ṣiṣẹ́; ọjọ́ Sátidé nìkan ló máa ń ráyè.

"Èmi kẹ̀?" ló wí. "Tóò. Ẹ ṣáà má fi kún imú mi, èyí tí mo ní ti tó mi."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Sátidé kejì ni ẹ̀rín tán. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ìyàwó òun ti jìn wọnú, pé abẹ́ ojú rẹ̀ ti wú, àti pé bí kò bá ti sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ a máa rí bíi ti ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Ìgbà wo ni wọ́n yọ eyín rẹ?"

"Ó ń lọ sí ọdún mẹ́rin."

"O ò sọ fún mi."

"Mo sọ. Ẹ ń kun ògiri ilé ìwé yín lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ẹ ní, 'Ó dáa.'"

Ó yẹ kó gbé èédú sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń rí ìyà lójú obìnrin náà ni àwòrán náà ń dára sí i, ká má sì parọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó yà á tán, kò fi hàn án. Ó ní ó ṣì ku díẹ̀.

Òun ló gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Olùkọ́ wo àwòrán náà títí, ó ní, "Bàbá, ẹ ti wò ó lónìí." Wọ́n ní kó bu ọwọ́ lu ìwé kan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè máa tọ́jú àwòrán náà. Ó bu ọwọ́ lù ú láìkà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ti tẹ ojú ìyàwó Tíṣà sórí bébà, ó wà lára ògiri káàkiri ìlú, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ wa." Wọ́n lẹ ọ̀kan sí ọ̀ọ́kán géètì ọsibítù gan-an. Àwọn tí wọ́n jọ ń fọṣọ kò ka ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀kan nínú wọn fa ìyàwó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra bi í pé, "Àìsàn wo ló ń ṣe ọ́ tí wọ́n fi ń bá ọ tọrọ owó?"

Nígbà tó dé ilé, kò sọ báàgì kalẹ̀.

"Ṣé bí mo ṣe rí nìyẹn?"

"Bí mo ṣe rí ọ ni."

"Ẹ rí mi. Nígbà tí ẹ wá rí mi, kí lẹ ṣe sí i? Ẹ gbé e lọ fún àwọn ará ìta. Ìyá tó bí mi lọ́mọ pàápàá, ẹ̀rín ni mo máa ń rín fún wọn kí wọ́n má baà mọ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tíṣà gba kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ fa ìwé yọ, ó ní, "Bàbá, ṣé ọwọ́ yín kọ́ lèyí?" Ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá gba ọmọ tuntun tán kí wọ́n tó ká a kúrò. Tíṣà bá gbé ọ̀bẹ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó kọrí sí ọsibítù ní ọ̀sán gangan, ó ń ha bébà náà kúrò lára ògiri. Àtè rẹ̀ le. Ẹnu lọ, àgbọ̀n lọ, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti ojú kan tẹ̀ lé e. Kò tíì ṣe dé òkè tí ọlọ́dẹ fi dì í láṣọ mú, tó lé e dànù. Ohun tó kù lára ògiri burú ju tàtẹ̀yìnwá lọ: iwájú orí pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo.

Wọ́n fún Tíṣà níwèé ẹ̀rí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ilé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ kò kó kúrò nílé, kò sì bá a jà. Ó ń gbọ́ oúnjẹ, ó ń kí i káàárọ̀, ó ń dá a lóhùn bó bá pè é. Àmọ́ bí Tíṣà bá ti gbójú sókè báyìí tó wò ó, yóò dìde, yóò bọ́ sí yàrá kejì.