Òǹtẹ̀ Alága Lórí Búrẹ́dì Wa

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé oníwàhálà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀ sọ ọ́: oníwàhálà ni. Láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n wàhálà tó dá sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ yẹn, bó bá tún fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, èmi ni màá gbé àga fún un.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàbá wa ló kọ́ ilé búrẹ́dì náà, yàrá méjì àti ààrò bíríkì kan tó gba gbogbo ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń po fúláwà, èmi ni mò ń tà níwájú nítorí pé ẹnu mi mú, Bàbá Ààrò ló sì ń ṣọ́ iná. Bàbá Ààrò kì í ṣe ẹbí wa. Ọ̀rẹ́ bàbá wa ni, ó sì ti wà nídìí iná yẹn kí wọ́n tó bí èmi. Kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá ní kó o kúrò níbẹ̀, wàá kúrò níbẹ̀.

Ẹ wò ó, ààrò bíríkì kì í ṣe nǹkan téèyàn ń pa lálẹ́ bíi fìtílà. Bó bá tutù pátá, ẹ ó dáná títí kó tó gbóná dé inú, búrẹ́dì àkọ́kọ́ á sì tún jóná nísàlẹ̀, á tutù lókè. Nítorí náà a kì í jẹ́ kó kú. Bàbá Ààrò ní ọjọ́ tó ń lọ gbàdúrà, àwa náà ní tiwa, ọjọ́ méjèèjì kò sì pa pọ̀. Lọ́jọ́ tiwa, òun ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ tiẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣọ́ iná. Bàbá wa máa ń sọ pé ńṣe ni Ọlọ́run mọ̀-ọ́n-mọ̀ pín ọjọ́ fún wa kí ìlú má baà wá búrẹ́dì tì.

Ọkùnrin kan wà tá a jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àmín-Kíákíá là ń pè é. Tíṣà á ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti gbàdúrà, òun ti ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, jókòó tì í lọ́jọ́ kan lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó dijú, ó ní, "Olúwa, bùkún ọ̀rẹ́ mi yìí."

"Àmín!"

"Jẹ́ kó ga ju gbogbo wa lọ."

"Àmín!"

"Jẹ́ kí ẹran inú abọ́ rẹ̀ di tèmi."

"Àmín!"

Ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ ẹran. Ọmọ náà sunkún lọ bá tíṣà. Tíṣà ní, "Ṣebí ìwọ lo ṣe àmín?"

Ọkùnrin yìí ló wá di alága ìlú wa. Kò fipá gbà á o, àwa la dìbò fún un. Ó lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri: "Ìlú kan, àdúrà kan." Ta ló fẹ́ kọ àdúrà? Wọ́n tiẹ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ọjà, mo sì rò ó pé àdúrà wo ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ìlú, a máa ń jiyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ, a ó wá nawọ́ sókè. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá pọ̀ á kùn lọ sílé, á tún padà wá jiyàn nígbà míì. Àmín-Kíákíá ní nínawọ́ sókè ń pín ará sọ́tọ̀, Ọlọ́run kò sì fẹ́ ìyapa. Òun á kúkú máa gbé ọ̀rọ̀ ìlú sínú àdúrà, kí àwa máa ṣe àmín. Ó rọrùn. Ká sòótọ́, ó tiẹ̀ dùn mọ́ni, nítorí a máa ń tètè délé.

Ó gbàdúrà pé kí Olúwa mú ọkàn àwọn ọlọ́jà rọ̀. A ṣe àmín. Ilẹ̀ mọ́, owó tí à ń san lórí ṣọ́ọ̀bù ti lọ sókè. A ní kí ló dé, wọ́n ní ṣebí ẹ ṣe àmín. Ó gbàdúrà pé kí Olúwa gba etí wa lọ́wọ́ ariwo. A ṣe àmín. Wọ́n ti ilé rédíò tó ń bú u pa. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló fẹ́ pa ẹnu mọ́ nígbà tí gbogbo aládùúgbò ń ṣe àmín, kí wọ́n wá máa wò ó bíi pé ó ti jí nǹkan?

Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà pé ohùn àwọn tó ń gbàdúrà lọ́jọ́ tiwa nìkan ni kó máa dún nínú gbọ̀ngàn náà. Bàbá Ààrò dúró lójú fèrèsé níta nítorí pé àga ti tán. Gbogbo wa ṣe àmín. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló ròkè jù: ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ fúláwà tó ti pò sílẹ̀, kò fetí sí àdúrà. Bàbá Ààrò dé fìlà rẹ̀, ó padà sídìí iná. Ojú tì wá, a sì lọ sílé.

Kò pẹ́ ni òǹtẹ̀ dé. Alága ní kí àmì ìlú tuntun wà lórí gbogbo búrẹ́dì: ọwọ́ méjì tó pàdé nínú àdúrà. Káfíńtà rẹ̀ fi igi líle gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ jinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́ sórí fúláwà pípò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wọ ààrò. Ó wuyì lójú. Ìka dúró ṣánṣán.

Àmọ́ fúláwà tó ti mu yíìsì kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó wú. Àwọn ìka parẹ́, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kún rọ̀bọ̀tọ̀, ìlà àárín wọn sì jìn. Nígbà tí Bàbá Ààrò fa páànù jáde, ìdí ló wà lórí búrẹ́dì. Ìdí o! Ìdí ọmọ ọwọ́ tó sanra, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Páànù kejì, ìdí. Páànù kẹta, ìdí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ ìnuwọ́ gbá mi létí, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti dé, ebi sì ń pa wọ́n, ni mo bá tà á.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń wá láti òpópónà kejì. "Fún mi ní ìdí méjì." Ẹnì kan wá ní kí n fún òun ní ìdí Alága, ọ̀rọ̀ náà sì tàn káàkiri. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín parí sí.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Alága ya wọlé. Wọ́n ní ọ̀tá ẹ̀sìn ti sọ ọwọ́ àdúrà di ẹlẹ́yà, kò sì sí ẹlòmíì tó lè ṣe é ju ẹni tí kì í gbàdúrà lọ́jọ́ tiwa. Wọ́n wọ́ Bàbá Ààrò síta, wọ́n da omi sínú ààrò, wọ́n lọ fọ́ fèrèsé ilé rẹ̀. Wọ́n ní bí gbọ̀ngàn bá jókòó lọ́la, wọ́n á lé e kúrò nílùú. Bàbá arúgbó tó ti ń bọ́ wọn láti kékeré! Inú bí mi débi pé mi ò rí èébú tó tó wọn.

Nírọ̀lẹ́, Àmín-Kíákíá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wá bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le," ó ní. "Ṣáà sọ fún wọn lọ́la pé bàbá yẹn ló tẹ òǹtẹ̀. Wọ́n á lé e lọ, wàá sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀. Ta ló bi ẹ́?"

"Bí mi ò bá wá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Màá gbàdúrà lórí ilé búrẹ́dì yìí. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe àmín." Bó ṣe ń lọ, ó mú búrẹ́dì kan lórí tábìlì, kò sanwó. Onídìí ló mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè jẹun. Ó ń wo ààrò tó tutù. "Àbúrò mi," ó ní, "mo ṣe àmín nígbà tí wọ́n pa Bàbá lẹ́nu mọ́."

"Gbogbo wa la ṣe é."

"Mi ò bi ọ́ ní ti gbogbo wa."

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ kejì. Alága ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ẹni tó tẹ òǹtẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní, "Èmi ni. Bàbá Ààrò ò fọwọ́ kàn án. Yíìsì ló ṣe ìyókù, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́, ẹ lé yíìsì kúrò nílùú." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Alága na apá méjèèjì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Alága," ẹ̀gbọ́n mi ní, "kí ẹ tó gbàdúrà lé mi lórí, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbàdúrà fún yín."

Kí ni Alága fẹ́ sọ? Ṣé á ní òun ò fẹ́ àdúrà ni? Ó rò pé ẹ̀gbọ́n mi ti ronú pìwà dà. Ó dijú. Èmi wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ojú tó fi jẹ ẹran ọjọ́sí ni.

"Olúwa, bùkún Alága wa."

"Àmín!"

"Fún un ní ẹ̀mí gígùn."

"Àmín!"

"Jẹ́ kó ga ju gbogbo wa lọ."

"Àmín!"

"Jẹ́ kí Bàbá Ààrò padà sídìí iná rẹ̀."

"Àmín!"

"Kí a sì máa nawọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn yìí bíi ti tẹ́lẹ̀, àwa àti àwọn tó ń gbàdúrà lọ́jọ́ míì."

"Àmín! Àm..." Alága la ojú.

Ni gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín. Alága ń pariwo pé àmín yẹn ò kà, pé ó tan òun ni. Ìyá Agbẹ̀bí, tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀, fi ọ̀pá rẹ̀ dìde.

"Ọmọ mi, èmi ni mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ, má bínú sí mi. Bí tìẹ ò bá kà, tiwa wo ló wá kà? Ṣé àwa náà mọ ohun tá à ń ṣe àmín sí ni?" Alága ń wo àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. "Ó dáa," ìyá ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kí bàbá yẹn padà, kó nawọ́ sókè." Ó na tiẹ̀.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ó sì pọ̀ tó fi jẹ́ pé Alága fúnra rẹ̀ ò lè sọ pé òun ò rí i. Kì í ṣe gbogbo wa o. Àwọn kan tí mò ń ta búrẹ́dì fún lójoojúmọ́ ká ọwọ́ wọn sábẹ́ abíyá. Mo ti mọ̀ wọ́n. Búrẹ́dì àná ni màá máa tà fún wọn.

A sáré lọ sílé Bàbá Ààrò. Ó ń di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sáàárín àfọ́kù gíláàsì, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti nawọ́ sókè. Ẹ lè padà."

Bàbá ò gbójú sókè. "Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ mọ́, mo wà lójú fèrèsé. Nínú gbogbo àmín yẹn, tìẹ ni mo dá mọ̀. Mo mọ ohùn ẹ láti ìgbà tó o ti ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ."

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á sọ ti fúláwà tó pò sílẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èmi ni." Bàbá ń so okùn rẹ̀ lọ. A padà sílé.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ àdúrà wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò lọ. Ó wọ inú ilé búrẹ́dì, ó to igi, ó ṣáná. Èéfín kún ibi gbogbo, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, bóyá èéfín ni, bóyá kì í ṣe èéfín. Àwọn tó ń kọjá lọ sílé àdúrà ń yọjú wò wá bí ẹni tó ń wo wèrè. Bíríkì ò gbóná.

Bàbá Ààrò yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹrù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bíi ẹni tó ń lọ wọkọ̀. Ó wo iná náà pẹ́.

"Ta ló kọ́ ẹ láti to igi báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Irọ́ ni. Kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kúrò níbẹ̀. Bàbá gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá igi tó gbẹ, kò rí. Ó rí òǹtẹ̀ Alága lórí pẹpẹ. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sọ ọ́ sínú iná. Igi líle ni, ó sì jó dáadáa.